Ọmọ Tó Ń Béèrè: Sáyẹ́ǹsì Wà Nídìí Ìsọ̀ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa)

   

Nígbà tí akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè fi ojú àwọn ọmọ wa kéékèèké mọ sáyẹ́ǹsì, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyá Ẹlẹ́po, kí ló pa epo àti sáyẹ́ǹsì pọ̀?" Wọn ò jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ pé olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, kí n tó wá jókòó sí ìsọ̀ ìyá mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo fi kọ́ ọmọ ní kíláàsì ni mo fẹ́ sọ. Àṣìṣe tí mo ṣe nídìí ìsọ̀ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, ọjà ń tà gan-an. Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, dúró tì mí. Ó ní, "Màmá àgbà, kí ló dé tí epo pupa sùn, tí òróró ẹ̀pà ò sùn?" Oníbàárà mẹ́ta ló dúró lé mi lórí. Mo jágbe mọ́ ọn pé, "Ẹnu ẹ ti pọ̀ jù! Gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn wá, jàre." Ọmọ dákẹ́.

Ẹ̀yin ìyá mi, ó dákẹ́ débi pé kò bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta. Bí mo bá ní kí ló ń ṣe é, á ní, "Kò sí nǹkan." Àfìgbà tí tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ pé ọmọ yìí kì í nawọ́ sókè ní kíláàsì mọ́. Àyà mi já. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé, "Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́," èmi náà ni mo fa ọwọ́ ọmọ tèmi wálẹ̀.

Mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ìbéèrè tó o bi mí lọ́jọ́sí dára. Jẹ́ ká jọ wò ó. Ìwọ, kí lo rò pé ó fà á?" Ó ronú títí, ó ní, "Torí pé ó pupa ni." Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Èrò gidi ni, torí ó ṣeé dán wò. Ọyẹ́ ò tíì lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, a wá ìgò kékeré mẹ́ta tó dọ́gba. A bu epo pupa sí ọ̀kan, òróró ẹ̀pà sí èkejì, òróró àgbọn sí ẹ̀kẹta, ìwọ̀n kan náà. A kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú fèrèsé kan náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọmọ ti jí mi. Epo pupa ti dì. Òróró ẹ̀pà ṣì ń ṣàn. Òróró àgbọn tí kò pupa rárá, òun náà ti dì, ó funfun bí àbẹ́là. Ọmọ tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Màmá àgbà, kì í ṣe pípupa ló fà á o!"

Ohun tí à ń pè ní sáyẹ́ǹsì gan-an nìyẹn. Ọmọ rí nǹkan, ó béèrè, ó sọ èrò rẹ̀, ó dán an wò, ó rí i pé èrò òun ò tọ̀nà, inú rẹ̀ sì dùn pé òun mọ̀. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún un pé nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú epo pupa ló jẹ́ irú èyí tó tètè ń dì nígbà òtútù. Irú ọ̀rá yẹn tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú òróró àgbọn, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló wà nínú òróró ẹ̀pà. A gbé àwọn ìgò náà sí oòrùn, wọ́n yọ́ padà. Kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Ẹlòmíì lè ní, "Èmi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì?" Ẹ gbọ́ o. Lọ́dún 1970, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ kejì fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wéra, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe dáadáa jù, wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká lo ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin onígààrì, ẹ bi ọmọ yín pé agolo mílíìkì mélòó ló máa kún kóńgò kan. Kó kọ́kọ́ sọ iye tó rò, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó tó wọ̀n ọ́n. Kó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Bí iye ò bá dọ́gba, ẹ bi í pé kí ló fà á. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n: ṣé ó rẹ́ ẹnu agolo ni, àbí ó jẹ́ kó ga bí òkìtì? Ẹ̀yin ẹlẹ́yin, ẹ fi ẹyin tuntun àti èyí tó ti pẹ́ sínú omi. Tuntun á rì, á sùn sílẹ̀. Èyí tó ti pẹ́ gan-an á léfòó. Ihò tíntìntín wà lára èèpo ẹyin. Omi ń gba ibẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń wọlé dípò rẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹ́wà, ẹ fi ẹ̀wà sórí òwú nínú ife méjì, kí ẹ máa rin ọ̀kan, kí ẹ má rin èkejì. Kí ọmọ máa wò ó láràárọ̀, kó máa ya ohun tó rí.

Bí ẹ ò bá mọ ìdáhùn, ẹ má parọ́ fún ọmọ. Ẹ ní, "Èmi náà ò mọ̀, jẹ́ ká wádìí." Kò bu àgbà kù. Bí ọjà bá ń tà, ẹ ní, "Rántí bi mí lálẹ́." Lálẹ́ náà, ẹ rántí o! Bẹ́ẹ̀ náà, ẹ má sọ pé ti ọkùnrin nìkan ni. Ọmọbìnrin tó ń béèrè, ẹ jẹ́ kó béèrè.

Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan: iná, omi gbígbóná, kẹrosíìnì, oògùn ẹ̀fọn, sóòdà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, iná mànàmáná, ìwọ̀nyí kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fi dán nǹkan wò. Kí àgbàlagbà wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí ọmọ má sì tọ́ ohunkóhun tó bá ń dán wò wò.

Ẹ̀yin ìyá mi, ọ̀pọ̀ wa ló ń yá owó nínú ẹgbẹ́ yìí láti fi san owó ilé ìwé, a ń san án títí ó fi tán. Kò yẹ ká yáwó kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, ká tún wá fi ọ̀rọ̀ ẹnu pa ìbéèrè rẹ̀ nídìí ìsọ̀. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ọmọ ọmọ mi ti tún ń béèrè báyìí. Lánàá ló bi mí pé kí ló dé tí yìnyín fi ń léfòó lójú omi. Mo ní ká gbé omi kalẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa á máa gbèrú. Àwọn ọmọ wa ò ní rẹ̀yìn.