Ta Ni Ó Mú Ọmọ Lọ, Níbo Ni Ó Mú Un Lọ?
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn sọ ní ọjọ́ tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ wọn)

Ẹ fi ebè sílẹ̀ lóko wá jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta. A mọ̀ pé iṣẹ́ oko kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ta ni à ń kọ ebè fún, bí kì í bá ṣe fún àwọn ọmọ wa?

Gbogbo wa ni a rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ibùdó oko yìí. Obìnrin kan wá sí ọjà wa. Ó ń sọ Yorùbá bí tiwa, ó sì ń kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà. Ó ní òun yóò mú ọmọbìnrin méjì lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní ìlú ńlá. Ó fún àwọn òbí wọn ní owó díẹ̀ pé kí wọ́n fi ra ajílẹ̀. Oṣù mẹ́rin kọjá, a kò gbúròó. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti padà wá. Ìyá èkejì wà láàárín wa níhìn-ín, ó ṣì ń wo ọ̀nà. A kò dá àwọn òbí náà lẹ́bi. Gbogbo wa ni a rí obìnrin náà, gbogbo wa ni a dá a lóhùn nígbà tí ó kí wa, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí ó bi í léèrè àdúgbò tí ó ń gbé.

Nítorí náà ni a ṣe ṣe ẹ̀kọ́ yìí. Fífi ènìyàn ṣòwò kì í ṣe kí a fi okùn di ènìyàn nìkan. Gẹ́gẹ́ bí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ṣe ní ọdún 2000, ohun mẹ́ta ni a ní láti wò: pé wọ́n mú ènìyàn lọ tàbí wọ́n gbà á sílé, pé wọ́n lo ipá, ẹ̀tàn, tàbí àìní rẹ̀ láti rí i mú, àti pé wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ tàbí ara rẹ̀ jèrè. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18, a kò ní wá ẹ̀tàn kiri mọ́. Bí ọmọ náà bá tilẹ̀ sọ pé òun fẹ́ lọ, tí baba rẹ̀ sì gbà, ẹni tí ó mú un lọ fi ṣe èrè ti dẹ́ṣẹ̀.

Ní ọdún 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n sì dá àjọ NAPTIP sílẹ̀. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní ọdún 2015. Òfin yìí sọ pé ẹni tí ó bá fi ọmọ tí kò pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n láti oṣù 6 títí dé ọdún 7.

Ẹ wo ibi tí a ń gbé. Ọ̀nà tí ó ti Jẹ́bà wá, tí ó gba Mòkwá àti Kọ̀ntàgórà lọ sí Sókótó, ẹ̀gbẹ́ oko wa ni ó gbà. Ọ̀nà yìí ni iṣu wa ń gbà dé ọjà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ń kó iṣu lè kó ọmọ pẹ̀lú. Láti òkè ọya ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń bọ́ sí orílẹ̀-èdè Niger, dé Agadez, kí wọ́n tó la aṣálẹ̀ kọjá sí Líbíà. Ẹ sì rántí omíyalé tí ó pa ju 200 ènìyàn ní Mòkwá ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Nígbà tí ilé bá wó, tí oko bá bàjẹ́, ni ẹlẹ́tàn máa ń wá bí olùrànlọ́wọ́.

Kí ni iṣẹ́ yín, ẹ̀yin olùyọ̀ǹda?

Èkínní, ẹ máa béèrè. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ọmọ lọ, kí ó sọ orúkọ rẹ̀, ilé rẹ̀, àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Kí ẹnì kan nínú ìdílé ọmọ náà lọ fi ojú ara rẹ̀ rí ibẹ̀ kí ọmọ tó ṣí ẹsẹ̀. Ẹni rere kò ní bínú sí ìbéèrè.

Èkejì, ẹ ní ìwé kan tí ẹ ó máa kọ orúkọ ọmọ tí ó kúrò ní ibùdó sí, ọjọ́ tí ó lọ, àti ẹni tí ó mú un lọ. Bí olùkọ́ bá sọ pé ọmọ kan kò wá sí ilé ìwé mọ́, ẹ lọ sí ilé rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ara bá fu yín, ẹ má ṣe lu ẹnikẹ́ni, ẹ má sì dá lé ọkọ̀ lóru. Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ sọ fún baálẹ̀ àti ọlọ́pàá, kí ẹ sì pe NAPTIP lórí 627. Ẹ má ṣe tìtorí pé ènìyàn jẹ́ Tápà tàbí Fúlàní fura sí i. Ẹni tí ó mú àwọn ọmọ wa lọ, èdè wa ni ó ń sọ.

Ẹ̀kẹrin, ọmọ tí ó bá padà wá, ẹ má ṣe sọ ìtàn rẹ̀ lọ́jà. Bí a bá fi í ṣẹ̀sín, èkejì rẹ̀ kò ní fẹ́ padà wálé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ó sì korò. Àwọn ọmọkùnrin tí alárinà ń kó wá láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò fún iṣẹ́ ọdún, ta ni ó ń gbà wọ́n? Àwa náà ni. Ní ọdún 2003, ó lé ní 100 ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí a yọ kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta nítòsí Abẹ́òkúta. Wọ́n ní ìyá nílé bí àwọn tiwa. Bí ọmọdé bá wà nínú àwọn alágbàṣe wa, tàbí bí owó àgbà kan bá wà lọ́wọ́ alárinà tí kò dé ọwọ́ rẹ̀, ilé wa ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ẹ má ṣe bojú wo àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. A ti gbọ́ ẹkún ìyá kan ní ibùdó yìí. A kò fẹ́ gbọ́ èkejì. Ẹ bá wa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.