ABẸ ÀTI OJÚ TÍ Ó Ń ṢE BÀÌBÀÌ
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ìlú wa tí ń gbé Àpápá àti Ajégúnlẹ̀)

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ojú lọba ara.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọkùnrin Ajégúnlẹ̀ ní ń jí ní ìdájí kí a tó kọjá sí èbúté Àpápá fún iṣẹ́. Bí kò bá sí iná mànàmáná, a ó tan fìtílà, a ó gbé jígí kalẹ̀, a ó sì yọ abẹ gígùn tí ń ká wọ inú èkù rẹ̀. Ní ìgbà ọ̀dọ́, ọwọ́ àti ojú a máa bá ara wọn mu. Bí ènìyàn bá ti lé ní ọdún 40, ojú kì í sábà rí ohun tí ó súnmọ́ ọn dáadáa mọ́. Nígbà náà ni àgbàlagbà yóò gbé àgbọ̀n tí abẹ ti gé wá sí ìpàdé, tí yóò sì máa wí pé abẹ ni kò mú. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa: abẹ kọ́, ojú ni.

Ẹni tí kò bá fẹ́ fi abẹ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó dúró de ìmọ́lẹ̀ ọjọ́. Kí ó fi aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná bo irùngbọ̀n títí yóò fi rọ̀, kí ó sì fi ọṣẹ pa á. Kí ó fi ìka wá ibi tí irun dojú kọ. Kí ó na awọ ara, kí ó dá abẹ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí ó sì fá a bí irun ti hù. Jígí tí ń sọ nǹkan di ńlá yóò ràn án lọ́wọ́.

Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, kí ó lo réṣà tí a bo ẹnu rẹ̀, irú èyí tí King C. Gillette ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí tà ní 1903, tàbí kí ó tọ onígbàjámọ̀ lọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀: bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Kí onígbàjámọ̀ sì lo abẹ titun fún un, nítorí kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hepatitis B lè wà láàyè lẹ́yìn ara ènìyàn fún ọjọ́ 7.

Ṣùgbọ́n kò tó kí a pààrọ̀ abẹ nìkan. Ìwádìí tí a ṣe ká Nàìjíríà láti 2005 sí 2007 fi hàn pé ènìyàn bí 4 nínú 100 tí ó ti pé ọdún 40 ni ó fọ́jú. Kàtárátì, tí ń sọ ojú di kùrukùru, ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù, iṣẹ́ abẹ sì lè wò ó. Glọ́kómà kì í sábà dunni. Ìríran tí ó bá gbà kì í padà, ìyókù ni ìtọ́jú lè dá sí. A sì máa rìn nínú ìdílé. Ilé ìtọ́jú ojú Guinness wà ní LUTH, ní Ìdí-Àràbà. Ẹ lọ kí wọ́n yẹ ojú yín wò, nítorí ojú tí kò rí ẹnu abẹ ni ó tún ń la àárín ọkọ̀ agbépo kọjá ní Àpápá.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ń bẹ lókè òkun, bí ẹ bá dé ní Kérésìmesì, ẹ wo àgbọ̀n bàbá yín. Bí ẹ bá rí ojú abẹ níbẹ̀, ẹ má ra abẹ mìíràn fún un; ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ojú wa ríran dalẹ́. Àmín.