Ẹsẹ̀ Kan Tó Wú: Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Ẹgbẹ́ Sọ

 

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ la mú wá. Kì í ṣe ẹsẹ̀ méjèèjì tó ń wú lálẹ́, tó sì ń fà láàárọ̀. Ìyẹn ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo là ń wí: tó wú, tó gbóná, tó ń dunni lẹ́yìn lábẹ́ orúnkún, tí èkejì sì wà bó ṣe wà. Bí a bá rí irú ẹ̀, kí la máa ń sọ? "Ó ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀." Ká wá òróró, ká fi wọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ́ ọ o! Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú iṣan níbẹ̀, bí ògì gbígbóná ṣe ń di ẹ̀kọ. Bó bá já, ó lè gba inú ọkàn lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè pa èèyàn kíákíá.

Ó lè ṣe ẹni tó jókòó pẹ́, ìyẹn àwa tí à ń wọ bọ́ọ̀sì òru lọ Kánò, tí à ń wọ bàálù lọ ra ọjà ní Dubai. Ó lè ṣe aboyún, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún.

Ojú lásán ò lè rí i. Purotéènì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń jẹ́ fibrinogen, òun ló ń jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ dì bí ọ̀bẹ bá gé wa. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn dókítà ìlú Gẹ̀ẹ́sì so iodine onítànṣán mọ́ ọn, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ fún aláìsàn. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń dì, ibẹ̀ ló ń lọ. Wọ́n á wá fi ẹ̀rọ tọ ẹsẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí òǹkà bá ti ròkè, ibẹ̀ ló wà. Àfi bí ìgbà tí a so agogo mọ́ ewúrẹ́ lọ́rùn: ibi yòówù kó wọ̀, agogo á sọ. Nínú iṣẹ́ tí Dókítà Kakkar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní King's College Hospital, Lọ́ńdọ̀nù, gbé jáde ní 1969, bí 3 nínú 10 àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ni ẹ̀jẹ̀ dì sí lẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ ni kì í fi àmì kankan hàn. Àìsàn tí kì í pariwo, òun ló yẹ ká bẹ̀rù.

Wọn ò lo ti fibrinogen yẹn mọ́. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ìbẹ̀rù àrùn ẹ̀dọ̀ àti éèdì sì wọlé. Kò tilẹ̀ rí òkè itan dáadáa. Scan bíi ti aboyún, èyí tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn, tí wọ́n ń pè ní Doppler, ló gba ipò rẹ̀. Kò lábẹ́rẹ́, kò ní ìtànṣán. Bí wọ́n bá rí i, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà.

LUTH ò jìnnà sí wa, Ìdí-Àràbà níbí ni. Owó scan ló máa ń dá èèyàn dúró. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ ìgbìmọ̀ pé kí àpótí ẹgbẹ́ máa yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó náà lọ́jọ́ náà gan-an, kó máa san án díẹ̀díẹ̀ bíi èsúsú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè mí dáadáa lójijì, tí àyà ń dùn, tàbí tó ń wú ikọ́ ẹ̀jẹ̀, kó má dúró de akápò. Kí ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì gbé e lọ sọ́sípítù, ká tó máa sọ ti owó.