Ìtùnú Aláìsàn: Iṣẹ́ Ni
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka)

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Gbogbo wa la mọ irú baba arúgbó tí jẹjẹrẹ dá dùbúlẹ̀. Ó ti lo oògùn ìrora, síbẹ̀ kò róorun sùn. Ó ń ro gbèsè tí ilé jẹ nítorí rẹ̀, ó ń ro ọmọ tí òun àti rẹ̀ kò tí ì parí ìjà. Bí ó bá béèrè pé, "Ọmọ mi, ṣé n óò rù ú là?", wọn á ní, "Baba, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́." Báyìí ni wọ́n ń pa á lẹ́nu mọ́, ẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀ síbẹ̀.

Cicely Saunders, tí ó ṣe nọ́ọ̀sì kí ó tó di dókítà, dá ilé ìtọ́jú St Christopher's sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967. Ó kọ́ni pé ìrora ara, ti ọkàn, ti ẹbí àti ti ìgbàgbọ́ ń rìn pọ̀ ni. Nílé wa níhìn-ín, UCH n'Íbàdàn ti ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà láti 2012.

Kí ni kí á ṣe? Ẹ fa àga, ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í ní ohun tí ó mọ̀ nípa àìsàn rẹ̀ àti ohun tí ó ń bà á lẹ́rù jù. Kí ẹ sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Bí ó bá ń sunkún, ẹ má kánjú rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Dókítà ló ni àlàyé àrùn. Tiwa ni kí á jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé ó ń béèrè. Àṣírí tí ó bá sọ fún wa, kò gbọdọ̀ dé kántíìnì. Bí ó bá kọ oúnjẹ, tí ó ń ní ikú yá ju báyìí lọ, ẹ tètè fi tó dókítà létí. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní ìtọ́jú. Ẹ má kà á sí ọjọ́ ogbó.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń dá tọ́jú odindi wọ́ọ̀dù lóru, ìgbà wo ni yóò jókòó? Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ owó oṣù, kí á fi èyí kún un: òṣìṣẹ́ tí ó tó, ẹ̀kọ́ nípa ìtùnú aláìsàn, àti ààyè fún àwa náà láti sọ ti inú wa. Ẹni tí ń wo ikú lójoojúmọ́ ń rẹrù.

Ìṣọ̀kan wa kò ní tú o.