Òṣùwọ̀n Inú Géèmù Ìjà



Ìka ọwọ́ kò dọ́gba. Ní agbo ìjàkadì, ojú ni a fi ń mọ ẹni tí ó tó ẹni í gbé. Ṣùgbọ́n nínú géèmù ìjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí a kò rí rí ni a ń bá jà. Kọ̀ǹpútà ni ó ń wá ẹgbẹ́ ẹni fún ni. Báwo ni ó ṣe ń mọ̀ ọ́n?

Inú eré ṣẹ́ẹ̀sì ni ọgbọ́n náà ti wá. Arpad Elo, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà tí a bí ní ilẹ̀ Hungary, ni ó ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà gbà á ní 1960, ti gbogbo àgbáyé sì gbà á ní 1970.

Olúkúlùkù ní máàkì tirẹ̀. Bí máàkì ẹni méjì bá dọ́gba, ká ní ẹni tí ó borí gba 16, ẹnì kejì yóò pàdánù 16. Ṣùgbọ́n bí Àkàndé bá ní 1,700, tí Àjàní ní 1,500, tí Àkàndé sì borí, nǹkan bí 8 péré ni yóò gbà, nítorí ohun tí a ń retí ni ó ṣe. Bí Àjàní bá borí, yóò gba nǹkan bí 24 lọ́wọ́ Àkàndé.

Nínú Street Fighter 6, tí ilé iṣẹ́ Capcom ti Japan gbé jáde ní 2023, ènìyàn yóò kọ́kọ́ gun àkàbà láti ipò Rookie dé ipò Master. Nígbà tí ó bá dé Master ni wọn yóò fún un ní máàkì 1,500, èyí tí yóò máa lọ sókè sódò gẹ́gẹ́ bí agbára ẹni tí ó bá pàdé.

Àwọn kan kì í fẹ́ jà mọ́ bí máàkì wọn bá ti ga. Àwọn mìíràn ń sanwó kí ẹlòmíràn bá wọn gun àkàbà. Wọn kò mọ̀ pé máàkì kì í ṣe oyè. Àsọtẹ́lẹ̀ ìjà tí ó ń bọ̀ ni. Ẹni tí ó bá fi owó ra máàkì, àwọn tí wọ́n jù ú lọ ni kọ̀ǹpútà yóò máa gbé kò ó, wọn yóò sì máa gbé e ṣubú títí yóò fi padà sí àyè rẹ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Géèmù náà ń tọ́jú àwòrán ìjà tí ó ti kọjá. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ṣubú, ẹ wo ẹ̀yìn, kí ẹ rí ohun tí ó gbé yín ṣubú. Bí ọwọ́ yín bá mọ ìjà, máàkì yóò wá yín wá.

Ó dàárọ̀ o.