Ọ̀rọ̀ Kan, Ìtumọ̀ Mẹ́rin

Ẹ̀rín ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ó parí sórí ẹ̀rín.

Ká ní obìnrin kan ní abà kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀ ní ìlú, tí kò fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀: “Ọkọ mi ti bajẹ, ba mi ra omiran bọ.” Ọkọ́ tí a fi ń roko ni ó ní lọ́kàn. Àbúrò rẹ̀ kà á sí ọkọ̀; ó bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí yóò yá a lówó mọ́tò. Bàbá àgbà tí ó jẹ́ ọdẹ kà á sí ọ̀kọ̀. Ó ní, ogun ha ti dé abà bí? Nígbà tí ìwé náà dé ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó ní, “Wọ́n ti ba ọmọ mi jẹ́, wọ́n sì ń ránni lọ́jà láti ra òmíràn!” Àmì kékeré kan péré ni ìbá gba gbogbo wọn lọ́wọ́ ìdààmú.

Àwọn bàbá wa kò ní gègé, wọn kò ní tàdáwà, síbẹ̀ wọ́n mọ bí a ti ń ránṣẹ́ tí yóò yéni. Bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà pàrokò ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ̀fà ni: ọkàn òun fà sí i. Bí èkejì bá fi mẹ́jọ dá a lóhùn, ẹ̀jọ ni: ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ọ̀rọ̀ parí, kò sí ògbufọ̀ láàrin.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àgbẹ̀ tí ó gbé kòkó rẹ̀ wá sọ́jà lónìí. Akọ̀wé fi Gẹ̀ẹ́sì bi í bóyá ó ti gba owó rẹ̀. Nítorí ọ̀wọ̀, àgbẹ̀ dáhùn pé, “Yẹ́ẹ̀sì.” Wọ́n ní kí ó tẹ̀ka, ó tẹ̀ ẹ́. Ó délé kí ó tó mọ̀ pé yẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ti jẹ kòkó ọdún kan. Ẹ̀rín dà níbẹ̀?

Àwọn kan ń wí pé èdè wa kò lè gbé ọ̀rọ̀ ìjọba. A bi wọ́n léèrè: ní ọdún 1859 ni Ìwé Ìròhìn ti jáde ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1884 ni odindi Bíbélì wà ní Yorùbá. Èdè tí ó gbé Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, kí ni ó dé tí kò fi lè gbé ìwé owó-orí?

Abala 55 nínú Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 gbà kí a fi Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò ṣe iṣẹ́ ilé aṣòfin àpapọ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ètò bá ti tó. Ẹni tí ó pè wá wá jẹun ní kí a dúró kí iṣu jinná, ṣùgbọ́n a kò tíì rí èéfín iná. Abala 97 sì fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fọwọ́ sí lílo èdè ìpínlẹ̀ náà. Kí á bi àwọn tí a dìbò yàn: kí ni wọ́n ń dúró dè?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín fún. Ẹ fi àmì sórí Yorùbá tí ẹ bá ń kọ. Ẹ má tẹ̀ka sí ìwé tí a kò kà fún yín ní èdè yín. Ẹ sì jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó mọ̀wé ka ìwé fún aládùúgbò rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí tiwa fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.