Ìwé Owó Ẹgbẹ́: Ta Ló Ń Ṣòfin Rẹ̀?



Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, òfin tuntun ti wà lórí bí ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè, irú tiwa yìí, ṣe gbọ́dọ̀ máa kọ ìwé owó rẹ̀. Kútọnu kọ́ ni wọ́n ti ṣe é. Niamey ni, ní oṣù kejìlá ọdún 2022. Àjọ OHADA ló ṣe é, àjọ orílẹ̀-èdè 17 tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé rẹ̀ ní Port-Louis ní ọdún 1993.

Ibi tí ìṣèlú wọ̀ ọ́ rèé. Àwọn mínísítà ètò ìdájọ́ àti ti ìṣúná ló ń jókòó fọwọ́ sí òfin OHADA. Bí wọ́n bá ti ṣe é tán, òfin Benin ló dà yẹn. Àwọn aṣòfin wa ní Àjàṣẹ́ kò tún ní í dìbò lé e lórí mọ́.

Mi ò ní òfin náà burú o. Bí ìṣirò bá jẹ́ ọ̀kan náà, ará Dakar á ka ìwé owó oníṣòwò Kútọnu, á sì yé e. Àmọ́ OHADA gan-an ń wo ẹnu ẹlòmíràn. Ìgbìmọ̀ kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń kọ ìlànà tí wọ́n ń pè ní IFRS. Láti 2012 ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Nàìjíríà ti ń tẹ̀lé e. Láti 2019, ó di dandan fún àwọn ilé iṣẹ́ tiwa tó ń ta ìpín fún gbogbo ènìyàn.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ èdè. Òfin ìṣirò OHADA ti àwọn oníṣòwò ní èdè ìjọba ni kí wọ́n fi kọ ìwé. Faransé nìyẹn fún wa. Mélòó nínú àwọn ìyá tó ń dáwó níbí ló ń ka Faransé? Ẹni tí kò lè ka ìwé, báwo ló ṣe fẹ́ bi akápò léèrè?

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹ jẹ́ ká ṣe ohun tí òfin wí, ṣùgbọ́n kí akápò ka ìwé náà sókè lédè wa, níwájú gbogbo ẹgbẹ́, kí alága tó buwọ́ lù ú. Ká sì rán aṣòfin wa níṣẹ́: nígbà mìíràn, kí mínísítà bi àwọn ẹgbẹ́ ìlú léèrè kó tó lọ fọwọ́ síwèé.

Owó ọ̀pọ̀ ènìyàn, ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ló yẹ kó máa ṣọ́ ọ.